Ẹni Tó Gbẹnu Sọ fún Hannah

Ní ilé tí wọ́n bí Hannah sí ní Ìlọrà, èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ ka iṣẹ́ rere ọwọ́ ara rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ, á mú àbúrò rẹ̀ dání, àbúrò náà ni yóò sọ̀rọ̀. Bí àna bá wá sílé, baálé á jókòó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, ẹlòmíràn á máa bá a sọ ọ́, òun á kàn máa mi orí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń wí. Ẹni tó bá dìde láwùjọ tó ní èmi ni mo ṣe báyìí, èmi ni mo ṣe tọ̀hún, àwọn àgbà á wo ara wọn lójú, wọ́n á béèrè pé ṣé kò lẹ́nì kan ni. Ẹ̀kọ́ yìí ni Hannah gbé dé ibi iṣẹ́ ìjọba, òun náà ló sì tì í sọ́wọ́ ẹni tó dalẹ̀ rẹ̀.

Máníjà ni Hannah ní pápákọ̀ òfurufú kékeré kan tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ìlọrà bí ọ̀nà bá dára. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ pápákọ̀ náà. Orúkọ rẹ̀ kò lè mú kí ọ̀rọ̀ yìí korò ju bó ṣe korò lọ. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, ó sì máa ń yára rìn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Díákónì ni bàbá rẹ̀ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, tíṣà sì ni gbogbo ọmọ ilé wọn yòókù. Òun nìkan ló lọ ń ṣọ́ ibi tí bàálù ń bà lé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń pè é ní Aṣọ́bodè Ọ̀run, tí wọ́n á ní kó má gbàgbé àwọn o, bó bá di ọjọ́ kan kó jọ̀wọ́ kó ṣílẹ̀kùn.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ máníjà pápákọ̀ òfurufú ni kéèyàn wọ kóòtù kó máa kí àwọn olówó káàbọ̀, kò tíì rí pápákọ̀ Hannah. Lékeléke ló kọ́kọ́ ń bá jà láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti gé koríko tán báyìí, lékeléke á ya bo ojú ọ̀dà tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ wá jẹ tata, ẹyẹ kan ṣoṣo sì tó ba ẹ́ńjìnnì bàálù jẹ́. Bó bá lé ẹyẹ lọ tán, màlúù á já wọ inú ọgbà. Bí wọ́n bá kó màlúù jáde, iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á ní òun ò ṣe. Ṣùgbọ́n àìsàn tó ní oògùn ni gbogbo ìyẹn. Èyí tí kò lóògùn ni pé èrò kò wá mọ́. Rélùwéè ti dé, owó pọ́ọ́kú ló fi ń gbé èèyàn lọ sí Èkó. Epo bàálù wọ́n débi pé ilé-iṣẹ́ bàálù kan kó ẹrù rẹ̀ lọ láì dágbére, èkejì sì ń wá nígbà tó bá wù ú. Orí fóònù làwọn èèyàn ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí. Bí bàálù kò bá wá, wọn kò mọ ẹni tó tà á fún wọn, Hannah tí wọ́n ń fojú rí ni wọ́n ń bú.

Ó mọ̀ pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, koríko ni yóò gba ibẹ̀. Ó ń wá ohun tí bàálù lè máa gbé bí èèyàn kò bá wọ̀ ọ́ mọ́. Fìdítì ló ti rí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó yà láti kí Bàbá Stephen. Àgbẹ̀ ni bàbá yìí, ọ̀rẹ́ bàbá Hannah ni nígbà ayé rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé àwo ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bá a níbi tó ti ń da ìbẹ́pẹ tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ fún ewúrẹ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ ti ń fi ìbẹ́pẹ bọ́ ewúrẹ́?”

“Hannah, ta ni kí n dà á fún? Kí mọ́tò tó gbé e dé Èkó, ó ti di ọbẹ̀.”

Hannah dúró, ó ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹun ọba. Ó ní, “Bí bàálù bá ń gbé e ńkọ́? Bí a bá ní ilé tútù lọ́dọ̀ wa tí yóò máa dúró sí, tí bàálù ẹrù á wá kó o? Ó lè dé Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú, kódà ó lè dé ìlú òyìnbó. Ṣé ẹ lè gbìn ín kó pọ̀?”

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. “Mo lè gbìn ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọba ni ọ̀rọ̀ yín. Lónìí ẹ ó ní ká wá, lọ́la ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á ní òun ò mọ̀ wá rí. Ta ló máa wà níbẹ̀ tí a bá dé?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ ọmọ Díákónì?”

“Èmi ọmọ Díákónì ni mo máa wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Ó tán,” ni Bàbá Stephen wí. Kò bi í ní nǹkan mìíràn.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ lọ́dún yẹn, bàbá náà ti gé igi ọsàn tí bàbá tirẹ̀ gbìn. Gbogbo ayé ló mọ Fìdítì mọ́ ọsàn. Ẹni tó bá gé igi ọsàn bàbá rẹ̀ níbẹ̀, ó ti gba ẹnìkan gbọ́ dénú egungun. Àwọn ará Ìlọrà tí wọ́n gbọ́ pé Hannah ló wí i náà yọ ilẹ̀ sọ́tọ̀ lára oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ wọn, wọ́n gbin ìbẹ́pẹ. Hannah wọ ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì nílé ìjọba, wọ́n lé e, ó padà lọ, títí wọ́n fi kọ́ ilé tútù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀dà. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ mí, ó wọlé lọ dúró sáàárín rẹ̀ títí eyín rẹ̀ fi ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba kéde pé àwọn kò lè máa bọ́ pápákọ̀ tí kò bọ́ ara rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò fi í sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò sì yan máníjà tó bá wù ú. Hannah gbọ́ ọ. Ipò kọ́ ló ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ tó bá Bàbá Stephen sọ ló ń dún létí rẹ̀: èmi ni mo máa wà níbẹ̀. Ìbẹ́pẹ ti so, igi ọsàn kò sí mọ́. Bí wọn kò bá fi òun sílẹ̀ sípò náà, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn?

Ibí yìí ni Olúbọ̀dé ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ọmọ opó kan tó ń yan gàrí ní Imíní ni. Nígbà tó jáde ilé-ìwé gíráámà tí kò sí ọ̀nà, ìyá rẹ̀ mú un wá bá Hannah, ó ní, “Ẹ gbà mí, ẹ bá mi fi ṣe ọmọ.” Hannah sì fi ṣe ọmọ lóòótọ́. Yàrá kan náà ni òun àti Ìníolúwa ọmọ rẹ̀ jọ ń sùn, ìwé kan náà ni wọ́n jọ kà. Ó rán an lọ sí ilé-ìwé gíga, ó mú un wọ iṣẹ́ pápákọ̀, ó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń lé lékeléke àti bí wọ́n ti ń pẹ̀tù sí èrò tí bàálù fi sílẹ̀. “Màámi” ni Bọ̀dé ń pè é, kò pè é ní orúkọ mìíràn rí. Ẹnu ọmọ náà dùn. Gẹ̀ẹ́sì ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ilá. Bí ìpàdé bá wà lẹ́nu iṣẹ́, Hannah kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ̀dé ló ń bá a sọ ọ́, òun á máa mi orí, inú rẹ̀ á sì máa dùn pé òun lẹ́nì kan.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tuntun náà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá rí máníjà, Hannah pe Bọ̀dé wá sílé ní Ìlọrà. Ó gún iyán fún un. Bí Bọ̀dé ṣe ń jẹ ẹ́ ni ó ń sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ewúrẹ́ Bàbá Stephen, igi ọsàn, bàálù ẹrù, bí ilé tútù náà ṣe máa bọ́ pápákọ̀ bí èrò kò bá tilẹ̀ wá. Bọ̀dé ń gbọ́, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù.

“Ìwọ ni o máa bá mi sọ ọ́,” ni Hannah wí.

“Ẹ má mikàn, Màámi. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, wọn ò ní wá ẹlòmíràn mọ́.”

Ọmọ yẹn kò parọ́. Ohun tó wí náà ló ṣẹ.

Olúṣínà, ọkọ Hannah, gbọ́ wọn láti ìta níbi tó ti ń ka ìwé ìròyìn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Awẹ́ ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Nígbà tí Bọ̀dé lọ, ó wọlé.

“Ìyá Ìní, kí ló dé tí o ò lè sọ̀rọ̀ ara rẹ? Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀n-ún.”

“Ẹ̀yin náà! Ṣé kí n jókòó níwájú àwọn ọmọ kéékèèké yẹn kí n máa ní èmi mo gbọ́n, èmi mo mọ̀ ọ́n ṣe? Bàbá mi á yí padà nínú sàréè.”

“Bàbá rẹ ò bá ilé-iṣẹ́ aládàáni ṣiṣẹ́ rí.”

“Bọ̀dé ni mò ń mú lọ, kì í ṣe ará ìta.”

Olúṣínà gbé ìwé ìròyìn rẹ̀, ó padà síta. Ohun tí kò wí lọ́jọ́ náà ló wá ń tìtorí rẹ̀ bú ara rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn mẹ́ta ló ti ilé-iṣẹ́ wá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Hájíà Tahirah ló ṣíwájú wọn. Ọmọ Òkè-Ọya ni, ìlú òyìnbó ló ti kàwé, ó kéré sí Hannah púpọ̀, ojú rẹ̀ sì mú. Kò sí ìyájú lára rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ nìyí. Hájíà ní, “Màdámù, a ti gbọ́ nípa ilé tútù yìí. Ẹ sọ fún wa, èrò ta ni, báwo sì lẹ ṣe fẹ́ lò ó?”

Hannah rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí Bọ̀dé. “Ọmọ mi yìí ni yóò sọ ọ́ fún yín.” Ó wá fẹ̀yìn ti àga, ó ká ọwọ́ jọ, ó jókòó bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń jókòó níwájú àna.

Bọ̀dé dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Màámi ló tọ́ mi dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.” Hannah mi orí. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ti kí ìyá rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dé tún ní, “Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mò ń ti ibi iṣẹ́ lọ sílé. Mo yà ní Fìdítì láti kí bàbá kan. Mo bá a tó ń da ìbẹ́pẹ fún ewúrẹ́.”

Hannah ṣì ń mi orí. Ó rò pé ahọ́n ló gbé e, pé yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Bọ̀dé ń lọ. Mo bi bàbá náà pé bí bàálù bá ń gbé e ńkọ́. Mo wọ ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Wọ́n lé mi, mo padà lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ mí, mo dúró sínú rẹ̀ títí eyín mi fi ń gbọ̀n. Eyín rẹ̀! Ọmọ tó wà ní Ọ̀yọ́ níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn! Orí Hannah tó ti ń mì láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó mọ̀ pé ó yẹ kó dúró, ó ti jẹ́rìí sí gbogbo rẹ̀. Àwọn àlejò ń wo Bọ̀dé, wọ́n á wo Hannah, wọ́n á rí orí tó ń mì, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò pariwo. Ẹni tó bá mọ ilé tó ti jáde kò ní bi mí. A kì í bá ọmọ ẹni jà níwájú àlejò, ojú ni wọ́n fi ń bá a wí títí àlejò á fi lọ. Hannah la ojú mọ́ Bọ̀dé títí omi fi lé ròrò sí i lójú. Bọ̀dé kò wo apá ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dìde, Hájíà Tahirah wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ tutù. “Màmá, ẹ ṣeun gan-an. N kò rí ọ̀gá tó fúnra rẹ̀ fa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ báyìí rí. Inú yín mọ́.”

Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ní ẹ̀yìn ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, Hannah bá Bọ̀dé.

“Bọ̀dé, ta ló rí ewúrẹ́ Bàbá Stephen?”

Bọ̀dé ń wo ilẹ̀. “Màámi, ẹ má bínú. Mo ti gbọ́ pé ọ̀dọ́ ni wọ́n ń wá. Bí kì í bá ṣe èmi, àjèjì ni wọ́n máa mú wá.”

“Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan.”

“Wọn kì bá gbà yín, Màámi. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

“O ò dán an wò! Ẹnu mi lo jẹ́, o ò dán an wò!” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè. Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbé e mì, ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń wakọ̀ lọ sí Ìlọrà láì tan rédíò. Ó dùn ún, ó dùn ún dé ibi tí oògùn kì í dé. Bó bá jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é, ìbá ti gbàdúrà lé e lórí kó sì sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ iyán rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì gbẹ.

Wọ́n fi Bọ̀dé ṣe máníjà. Wọ́n ní kí Hannah fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri kan. Olúṣínà fẹ́ gbé e kọ́, Hannah ní kó gbé e sínú ilé àwọn ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé. Wọn kò ní ewúrẹ́, kò sì sí ilé ewúrẹ́ níbẹ̀. Inú ló ń bí i. Aago náà wà nínú páálí rẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí ìbẹ́pẹ àkọ́kọ́ pọ́n, Bàbá Stephen àti àwọn àgbẹ̀ yòókù háyà mọ́tò, wọ́n kó o lọ sí pápákọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní òun ò mọ̀ wọ́n rí. Àwọn àgbẹ̀ ní kí wọ́n pe Bọ̀dé, ẹ̀ṣọ́ ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ẹja dídì onílé-iṣẹ́ kan ló ti kún ilé tútù náà, Bọ̀dé ti fi í háyà fún wọn. Wọ́n dúró nínú oòrùn títí ìbẹ́pẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro omi. Mọ́tò náà padà, ṣùgbọ́n kò dúró ní Fìdítì. Ó kọjá lọ sí Ìlọrà, ó dúró níwájú ilé Hannah, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Hannah jáde. Ìbẹ́pẹ ti bo gbogbo ojúde. Bàbá Stephen kò bú u. Ó kàn dúró ti ọ̀pá rẹ̀.

“A dé ibẹ̀, Hannah. A ò bá ọ.”

Hannah kúnlẹ̀ sínú ìbẹ́pẹ tó fọ́. Ó fẹ́ ṣàlàyé. Kí ni yóò wí? Pé ọmọ òun ló ta òun? Ta ló mú ọmọ náà wá sí àárín wọn? Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé ẹni tí wọ́n dalẹ̀ rẹ̀ lè di ọ̀dàlẹ̀ lójú ẹlòmíràn láìmọwọ́mẹsẹ̀. Bàbá Stephen ní kó dìde, ó ní Ọlọ́run rí i. Ṣùgbọ́n kò wọlé mu omi, bẹ́ẹ̀ ó ti ń mu omi nílé yẹn láti ayé bàbá Hannah.

Ẹja kò bọ́ pápákọ̀. Bàálù tó ń gbé e wá ń padà lófìfo, ẹni tó ni bàálù sì ní òun ò lè máa gbé afẹ́fẹ́ rìn. Hájíà Tahirah wá sọ fún Bọ̀dé pé ìbẹ́pẹ ni àwọn torí rẹ̀ gbà á síṣẹ́, ìbẹ́pẹ náà dà? Ó ní kó wá a rí kí ọdún tó parí, tàbí kó lọ. Bọ̀dé wọ ọkọ̀, ó lọ sí Fìdítì. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un lómi, wọ́n bi í pé ta ló rán an. Ó ní òun ni máníjà. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló rán an? Nígbà tó tẹ̀ lé wọn wọ inú oko, wọ́n ń kùn orin, wọ́n sì kẹ́yìn sí i.

Ìyá Bọ̀dé ló wá sí Ìlọrà. Kò jókòó lórí àga. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mi ò ní ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí ọmọ mi ṣe kò ṣeé gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ní bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ wá bá a sọ ọ́, àwọn ò gbọ́.”

Olúṣínà tó wà nínú yàrá wúkọ́ kíkankíkan. Hannah gbọ́ ikọ́ náà, ó sì mọ̀ pé ọkọ òun ní kí òun má gbà. Ó ń rò ó pé kó sọ pé rárá. Rárá náà ti dé ètè rẹ̀, ó sì dùn lórí ahọ́n. Ṣùgbọ́n ó rántí ojúde tí ìbẹ́pẹ bò.

“Kì í ṣe torí Bọ̀dé,” ló wí. “Ìbẹ́pẹ kì í dúró de ìjà. Ẹ ní kó kọ́ mi ní ohun tó fẹ́ kí n sọ. Ohun tó bá kọ́ mi ni mo máa sọ.”

Gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Fìdítì ni wọ́n ti pàdé. Àwọn àgbẹ̀ Fìdítì wà níbẹ̀, àwọn ti Ìlọrà náà wá lórí ọ̀kadà. Hájíà Tahirah wá fúnra rẹ̀, ó jókòó níwájú, Tolú, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà, sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí i létí. Bọ̀dé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Hannah. Ó ká ọwọ́ jọ.

Hannah dìde. Ó kí àgbà, ó kí ọmọdé. “Ẹnu Olúbọ̀dé ni mo jẹ́ lónìí,” ló wí. “Olúbọ̀dé ní kí n sọ fún yín pé òun jẹ̀bi bí wọ́n ṣe dá yín padà lẹ́nu géètì. Ó ní ààbọ̀ ilé tútù náà di tiyín láti òní lọ, Hájíà yóò sì tọwọ́ bọ̀wé lórí rẹ̀ níṣojú gbogbo yín. Mọ́tò yóò máa wá kó o lóko. Bí bàálù kò bá wá, ilé-iṣẹ́ ni yóò ru òfò náà, kì í ṣe ẹ̀yin.” Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́ dáadáa ju bí Bọ̀dé ṣe kọ́ ọ lọ. Kò dín in, kò bu iyọ̀ ara rẹ̀ sí i. Ohùn rẹ̀ gún régé, àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ ọ. Bọ̀dé ń mi orí.

Àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, wọ́n gbà. Bàbá Stephen wá gbé ọ̀pá rẹ̀ ró, ó dìde.

“A gbọ́ ti Bọ̀dé. Ìwọ Hannah ńkọ́? Kí ni ìwọ fúnra rẹ ní í sọ?”

“Kò sí, Bàbá.”

“Kò sí kẹ̀? Ìwọ tí ilé yẹn jẹ́ tìrẹ láti ìpilẹ̀?”

“Bàbá, ọ̀rọ̀ Bọ̀dé ni wọ́n fi rán mi. Ẹni tó bá ń gbẹnu sọ fún èèyàn kì í ki tara rẹ̀ bọ̀ ọ́.”

Hájíà Tahirah tẹ̀ sí Tolú, ó bi í pé kí ló dé tí máníjà kò sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láti àárọ̀, tó jẹ́ pé màmá yìí ló ń sọ ọ́. Tolú kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbí, Hájíà. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó fọkàn tán ló ń na ọwọ́ sí, ìyẹn ló ń bá a sọ ọ́.”

Hájíà gbé ojú sókè. Ó wo Hannah, ó sì pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wo Bọ̀dé, orí Bọ̀dé kò sì mì mọ́.

Mi ò lè sọ fún yín bóyá ìrònúpìwàdà ni, àbí ojú Hájíà ló bà á lẹ́rù. Bọ̀dé fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Hannah, kóòtù rẹ̀ nà sínú eruku, ó ní, “Màámi, ẹ dárí jì mí.” Gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kò gbọdọ̀ dìde títí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún á fi ní kó dìde, á sì gbàdúrà fún un. Wọ́n dúró de Hannah. Hannah ń ká gèlè rẹ̀ tó ti tú, ó wé e padà, ó wá báàgì rẹ̀ lábẹ́ àga.

Ìyá Bọ̀dé kò lè mú un mọ́ra. Ó yíjú sí Bàbá Stephen, omijé ń dà lójú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un kó dìde.”

Bàbá Stephen gbọn orí. “Rárá o, ọmọ mi. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń báni sọ.”

Hannah kí wọn pé ó dìgbà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí orí Bọ̀dé wà kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Olúṣínà ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ de é níta. Wọ́n ti jìnnà dé ọ̀nà Ìlọrà kí ẹnikẹ́ni tó dìde nínú gbọ̀ngàn náà, Bọ̀dé sì ṣì dojú bolẹ̀.